Abẹ̀bẹ̀ Ní Í Bẹ Ooru

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní alẹ́ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ewì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ ooru ni: ooru tí ń mú kọ̀ǹpútà kékeré, àti fáànù kékeré tí a lè fi gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ooru náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn. Bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. Ẹ kíyè sí bí òwe yìí ṣe fi ọ̀rọ̀ dárà. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀. Ohun tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara náà ni abẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ kì í fi agbára pa ọ̀ràn. Ọ̀nà tí ọ̀ràn yóò gbà lọ ni ó máa ń wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni abẹ̀bẹ̀ tí a fi ń lé ooru. Kò lè pa ooru, kò sì lè dá òtútù sílẹ̀. Ọ̀nà ni ó ń là fún ooru kí ó lè kúrò níbi tí ó wà. Bí a bá gbàgbé gbogbo ohun mìíràn tí a ó sọ ní alẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí á má ṣe gbàgbé èyí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí

Àdúgbò Fate, ní ìlú Ìlọrin, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi. Fate kò jìnnà sí Tanke, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin ń gbé, nítorí náà kò ṣòro fún àwọn ọmọ tí mò ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá wọn láti yà sí ilé mi. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, méjì nínú wọn ń ṣiṣẹ́ lórí dàdàkúàdà, orin àwọn ará Ìlọrin tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀. Wọ́n ti káàkiri, wọ́n ti gba ohùn àwọn àgbà òṣèré sílẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí a gbọ́ ohùn náà, kí a dà á kọ, kí a sì fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ. Kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí kò tóbi ju ìwé atúmọ̀-èdè kan lọ, ni a ń lò fún iṣẹ́ náà.

Oṣù kẹta ni. Ẹni tí ó bá mọ Ìlọrin yóò mọ̀ pé oṣù kejì àti oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ dáadáa, ni ooru máa ń mú jù lọ níbẹ̀. Ọ̀sán a máa gbóná ju 35 dígírì Celsius lọ. Bí a bá gbé iṣẹ́ síwájú kọ̀ǹpútà yìí ní òwúrọ̀, yóò ṣe é láìjanpata. Bí ó bá di ọ̀sán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀, ohùn tí ń jáde láti inú rẹ̀ yóò sì máa já bí ohùn akólòlò. Bí ó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, yóò kú fin-ín-fin-ín.

Ní ọjọ́ kan, ó kú nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kọ ojú ìwé mẹ́rin tí kò tíì fi pamọ́. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Omi kàn ń lé ròrò ní ojú rẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó kù kí iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Èyí tí ó tún bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni pé inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni àwọn ohùn náà wà. A kò ṣe ẹ̀dà mìíràn, ẹ̀bi mi sì ni. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ sì ti di olóògbé kí á tó kan orí tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yìí bá bá ohùn rẹ̀ lọ, ta ni a ó padà lọ bi?

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún irú rẹ̀ ṣe. Bí mo ti ń lọ ni mo ń ṣírò iye owó tí tuntun yóò gbà lọ́wọ́ mi. Ó tẹ́ ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó ní, "Dókítà, ẹ má tíì ra òmíràn o. Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́ rárá. Níbo ni ẹ ń gbé e sí, sà?"

Mo ní, "Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni, àbúrò, nítorí eruku."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó tán, sà. Irin tí ó yẹ kí ó gba ooru wà lórí rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ooru lọ́wọ́ irin?"

Ìbéèrè yìí wọ̀ mí lára. Òun ni ó mú mi ṣe ìwádìí tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Ohun tí ó ń fa ooru

Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo iná mànàmáná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ni ó ń yí padà di ooru ní ìgbẹ̀yìn. Bí kọ̀ǹpútà kékeré kan bá ń jẹ wáàtì 10, ooru wáàtì 10 ni ó gbọ́dọ̀ máa tú jáde. Ẹnìkan lè sọ pé wáàtì 10 kò tó nǹkan. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé ó tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń jáde láti ara ọpọlọ ẹ̀rọ náà, èyí tí kò fẹ̀ ju èékánná ọwọ́ lọ. Ooru díẹ̀ tí ó kó ara jọ sí ojú kan ní í jó ni.

Àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà mọ èyí, wọ́n sì fi olùṣọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí á mú Raspberry Pi 4 ṣe àpẹẹrẹ, kọ̀ǹpútà tí ó kéré tó àtẹ́lẹwọ́, tí ó jáde ní ọdún 2019. Bí ooru ọpọlọ rẹ̀ bá dé 80 dígírì Celsius, yóò bẹ̀rẹ̀ sí dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ooru lè dínkù. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn tí ọpọlọ wọn jẹ́ ti Intel ní ààlà tiwọn ní nǹkan bí 100 dígírì. Bí dídín eré kù kò bá ràn án, ẹ̀rọ náà yóò pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Nítorí náà, ìfàlẹ̀ tí a rí ní Fate kì í ṣe àrùn. Ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀ ni, bí àgbẹ̀ tí oòrùn pa tí ó sì lọ jókòó sí abẹ́ igi.

Ìlẹ̀kùn mẹ́rin tí ooru gbọ́dọ̀ gbà kọjá

Kí ooru tó lè kúrò ní ara ọpọlọ kọ̀ǹpútà títí yóò fi dé ìta gbangba, ìlẹ̀kùn mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá tì, mẹ́ta yòókù kò lè ràn án lọ títí.

Ìlẹ̀kùn kìn-ín-ní ni èyí tí ó wà láàrin ọpọlọ àti irin tí a gbé lé e. Irin yìí ni n ó máa pè ní irin agbóoru, nítorí pé gbígbé ooru ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi ojú lásán wò wọ́n, ara ọpọlọ ń dán, ara irin náà ń dán, wọ́n sì fi ara kanra. Ṣùgbọ́n àwọn kòtò kéékèèké tí ojú kò lè rí wà lára wọn, afẹ́fẹ́ ni ó sì kún inú àwọn kòtò náà. Afẹ́fẹ́ tí ó dúró sójú kan kò mọ ooru gbé rárá. Bí a bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n, bàbà gba nǹkan bí 400, alumíníọ̀mù gba nǹkan bí 237, afẹ́fẹ́ kò sì gbà ju nǹkan bí 0.026 lọ. Èyí já sí pé alumíníọ̀mù fi ohun tí ó lé ní ìlọ́po 9,000 mọ ooru gbé ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fi ọ̀rá pàtàkì kan sí àárín ọpọlọ àti irin, kí ó lè dí àwọn kòtò náà. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ń fi ọ̀rá yìí sí i, nítorí pé òun náà kò mọ ooru gbé tó irin. Bí ó bá ti gbẹ tí ó sì ti sán, à ń nù ún kúrò, a ó sì fi tuntun sí i.

Ìlẹ̀kùn kejì ni inú irin náà fúnra rẹ̀. Ẹ ó rí i pé irin agbóoru kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó máa ń ní eyín bí òòyà. Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí irin kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 ní gígùn àti 4 ní ìbú, ojú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lè fara kàn ní òkè jẹ́ 16. Bí a bá wá gbé eyín 10 lé e, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4, tí ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 1, eyín kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Ojú tí a fi kún un jẹ́ 80. Gbogbo rẹ̀ di 96, ìlọ́po mẹ́fà ti àkọ́kọ́. Ohun tí ìyá ń ṣe nìyí nígbà tí ó bá da ẹ̀kọ gbígbóná sínú àwo pẹrẹsẹ fún ọmọ. Bí ojú rẹ̀ bá ti fẹ̀ tó ni yóò yá tutù tó.

Ìlẹ̀kùn kẹta ni èyí tí ó wà láàrin eyín irin àti afẹ́fẹ́. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ fáànù wà. Bí kò bá sí ohun tí ń ti afẹ́fẹ́, èyí tí ó bá gbóná lára irin yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, tútù yóò sì máa rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìrìn náà. Afẹ́fẹ́ tín-ín-rín kan sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara irin bí ẹni da aṣọ bò ó. Atẹ́gùn fáànù ni ó ń ká aṣọ náà kúrò.

Ìlẹ̀kùn kẹrin ni ọ̀nà àbájáde láti inú àpótí kọ̀ǹpútà lọ sí ìta, àti láti inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ sínú yàrá. Bí èyí bá tì, afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni fáànù yóò máa yí po. Ìlẹ̀kùn kẹta àti ìkẹrin ni ó tì ní ilé mi ní Fate.

Ìṣirò tí ó fi ọ̀rọ̀ hàn

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi ìṣirò yìí kọ́ àwọn ọmọ. Ooru ọpọlọ kọ̀ǹpútà jẹ́ ooru yàrá, tí a fi iye dígírì tí wáàtì kọ̀ọ̀kan ń fà kún un. Ìṣirò àpẹẹrẹ ni èyí tí mo fẹ́ ṣe yìí. Irin kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọpọlọ náà ń jẹ wáàtì 8, àti pé irin agbóoru rẹ̀, láìsí fáànù, ń jẹ́ kí ooru fi dígírì 5 ga fún wáàtì kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po 8 àti 5 jẹ́ 40. Ní yàrá kan ní ìlú òtútù, tí ó wà ní 22 dígírì, ọpọlọ náà yóò wà ní 62. Ara rẹ̀ yá gágá. Ní Ìlọrin ní ọ̀sán oṣù kẹta, bí yàrá bá wà ní 37, yóò di 77. Ó ti ń sún mọ́ ẹnu ààlà nìyẹn. Bí a bá wá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ti di 45, yóò di 85. Olùṣọ́ ti dìde.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi fáànù kékeré sí i, kí dígírì 5 yẹn sì di 2. Ìlọ́po 8 àti 2 jẹ́ 16. Nínú yàrá tí ó wà ní 37, ọpọlọ náà yóò wà ní 53 péré. Ẹ̀rọ kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni, ìlú kan náà ni. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe pé a gbé ẹ̀rọ tí kò dára wá sí Ìlọrin. Ẹ̀rọ tí a ti fi yàrá tútù ṣe òṣùwọ̀n fún ni a gbé wá sínú ooru, láìfi ohun tí ooru wa ń béèrè kún un.

Ìbéèrè méjì

Ìbéèrè méjì jẹ yọ nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹwìrì alágbẹ̀dẹ náà atẹ́gùn ni ó ń fẹ́, iná sì ń le sí i ni. Báwo ni atẹ́gùn kan náà ṣe wá ń mú kọ̀ǹpútà tutù?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Èédú tí ń jó nílò ọ́síjìn, inú afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn sì wà. Nítorí náà, oúnjẹ ni ẹwìrì ń gbé fún iná. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń jó nínú kọ̀ǹpútà. Atẹ́gùn kò ní oúnjẹ kankan tí yóò gbé fún un. Ẹrù ooru nìkan ni ó lè rù jáde.

Ìkejì béèrè pé, "Bí a bá fi fáànù tí ó tóbi sí i, ṣé kọ̀ǹpútà kò ní tutù ju yàrá lọ, bí àwa náà ṣe máa ń tutù bí a bá jókòó sí abẹ́ fáànù?" Rárá o. Àwa ń làágùn, atẹ́gùn ń gbẹ òógùn náà, òógùn tí ń gbẹ sì ń gba ooru lọ́wọ́ ara wa. Ìdí nìyẹn tí abẹ̀bẹ̀ fi ń tù wá lára tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í làágùn. Bí yàrá bá wà ní 37, fáànù kò lè mú irin náà lọ sísàlẹ̀ 37 láéláé. Mo ti sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀: fáànù kì í dá òtútù sílẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ṣe é náà padà sẹ́yìn

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àbùkù ni láti fi fáànù kún ẹ̀rọ tí kò bá a wá. Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ Apple gbé Macintosh àkọ́kọ́ jáde láìní fáànù, kí ó má baà máa pariwo. Ihò tí wọ́n lu sí ara àpótí rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ooru gòkè jáde. Nígbà tí Macintosh SE jáde ní ọdún 1987, fáànù ti wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Raspberry Pi 4. Kò ní fáànù nígbà tí ó jáde ní ọdún 2019. Ní ọdún 2020, àwọn tí wọ́n ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí ta fáànù kékeré tí ń wọ inú àpótí rẹ̀. Ní ọdún 2023 tí Raspberry Pi 5 jáde, wọ́n ti ṣe ojú ibi tí a ó ti fáànù bọ̀ sí ara rẹ̀, wọ́n sì ń ta irin agbóoru tí fáànù wà lórí rẹ̀ lọ́tọ̀. Fáànù náà a máa sinmi bí ooru kò bá tó 50 dígírì. Bí ó bá dé 50 yóò bẹ̀rẹ̀ sí yí jẹ́jẹ́, bí ó bá sì dé 75 yóò sá gbogbo eré rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ohun àkọ́kọ́ ni wíwọ̀n. Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, kí a mọ iye tí ooru náà jẹ́. Lórí Raspberry Pi, bí a bá tẹ vcgencmd measure_temp, yóò sọ ọ́ fún wa. Àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn náà ní ètò tí ń sọ tiwọn. Kí a fún ẹ̀rọ náà ní iṣẹ́ kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀sán, kí a sì kọ iye tí a rí sílẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n ṣáájú kò lè mọ̀ bóyá ohun tí òun ṣe ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí a pa ẹ̀rọ náà, kí a sì yọ wáyà iná rẹ̀ pátápátá. Kí a fi ọwọ́ kan irin kan tí kò ní iná kí a tó fi ọwọ́ kan inú rẹ̀, pàápàá ní àkókò ọyẹ́ tí iná ara máa ń ta wá bí a bá bọ́ aṣọ. Iná kékeré yẹn lè ba ọpọlọ ẹ̀rọ jẹ́. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣì wà ní abẹ́ àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́, kí a béèrè kí a tó ṣí i. Àpótí kékeré tí ń gba iná ilé wọlé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i rárá.

Ní ti yíyan fáànù, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30 tàbí 40 tó fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré. Kí a wo ara rẹ̀ bóyá fóòtì 5 tàbí fóòtì 12 ni ó ń lò. Ti fóòtì 5 lè gba iná láti ojú ihò USB, nítorí pé irú fáànù kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ ju nǹkan bí 100 sí 200 mìlíáńpù lọ, ojú ihò USB 2.0 sì lè pèsè 500. Bí a bá fún fáànù fóòtì 12 ní fóòtì 5, ó lè yí jẹ́jẹ́, ó sì lè kọ̀ láti yí rárá. Wáyà pupa ni ti iná tí ń wọlé, dúdú ni ti ìpadà. Lórí Raspberry Pi, ẹsẹ̀ kẹrin ni ó ní fóòtì 5, ẹsẹ̀ kẹfà sì ni ti ìpadà. Kí a má ṣe so fáànù mọ́ àwọn ẹsẹ̀ tí a fi ń rán iṣẹ́ sí ẹ̀rọ, nítorí wọn kò lágbára láti yí i. Wọ́n lè jóná.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà. Ọ̀pọ̀ fáànù ní àmì ọfà ní ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá sí, ojú tí ọ̀pá tí ó di àárín rẹ̀ mú wà ni atẹ́gùn sábà máa ń gbà jáde. Ẹ tún lè fi bébà fẹ́lẹ́ dán an wò. Kí atẹ́gùn náà máa fẹ́ sí ààrin eyín irin, kì í ṣe sí ẹ̀yìn àpótí. Kí a sì rí i dájú pé ihò kan wà tí èyí tí ó gbóná yóò gbà jáde, àti òmíràn tí tútù yóò gbà wọlé.

Ní ti dídè é mọ́lẹ̀, síkúrù tín-ín-rín tí ń wọ àárín eyín irin, tàbí okùn ọ̀rá tí a fi ń di wáyà, ti tó. Kí a má ṣe lu ihò sí irin náà nígbà tí ó ṣì wà lórí ẹ̀rọ, nítorí èérún irin kan ṣoṣo tí ó bá bọ́ sáàrin wáyà lè pa gbogbo rẹ̀. Kí a má sì da gọ́ọ̀mù sáàrin eyín náà, torí ìlẹ̀kùn kẹta ni a ń tì yẹn. Kí a di wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí apá fáànù má baà gé e. Lẹ́yìn náà, kí a tún wọ̀n ọ́n ní irú wákàtí kan náà, pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà, kí a sì fi wé ti àkọ́kọ́.

Eruku àti iná tí ń lọ

Ẹ̀rù eruku ni ó mú mi gbé kọ̀ǹpútà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ti lásán. Ní àkókò ọyẹ́, eruku láti aṣálẹ̀ máa ń bo gbogbo Ìlọrin. Fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ ń fa eruku pẹ̀lú, eruku tí ó bá sì dí àárín eyín irin di aṣọ òtútù fún ẹ̀rọ nínú ooru. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe kí a tì í mọ́lé. Kí a máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a lóṣooṣù, àti ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ní ìgbà ọyẹ́. Bí a bá ń fẹ́ eruku kúrò lára fáànù, kí a fi ìka di apá rẹ̀ mú kí ó má baà yí ní àyíjù.

Ohun kejì tí ó yẹ kí àwa tí a wà ní ilẹ̀ yìí rò ni iná tí ń lọ. Bí iná bá lọ, fáànù òkè àjà yóò dúró, yàrá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí bátìrì àti ínfátà yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní àkókò yẹn gan-an ni ó nílò abẹ̀bẹ̀ jù. Nítorí náà, orísun iná kan náà ni kí ó máa bọ́ kọ̀ǹpútà àti fáànù rẹ̀, kí ọ̀kan má baà kú kí èkejì sì wà láàyè.

Kí a sì rántí pé fáànù ni ẹ̀yà tí ń yí nínú ẹ̀rọ náà. Ohun tí ń yí ní í gbó. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ké, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀

Ní ti kọ̀ǹpútà wa ní Fate, a gbé e kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a gbé e lé orí tábìlì, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sì bá mi di fáànù kékeré kan mọ́ irin rẹ̀. Ọ̀sán oṣù kẹta kò tún rí i pa mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí a fi ṣe kì í ṣe ìdàkọ. Ẹ̀dà gbogbo ohùn àwọn àgbà ni a kọ́kọ́ ṣe, a sì tọ́jú wọn sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ àwọn ọmọ méjèèjì wọlé ní àkókò. Ohùn bàbá tí ó ti sùn náà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ni ó kù kí n ju ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ mí sílẹ̀, nítorí pé n kò mọ ohun tí ó ń ṣe é.

Kí a tó dágbére, ẹ̀yin olùkọ́, mo fi àdánwò kan sílẹ̀ fún yín. Ẹ mú agolo onírin mẹ́ta tí wọ́n dọ́gba. Ẹ da omi gbígbóná tí ó dọ́gba sínú wọn, kí ẹ sì dé wọn pa, kí ó má baà jẹ́ gbígbẹ omi ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ gbé ọ̀kan síwájú fáànù, ẹ gbé ọ̀kan sórí tábìlì lásán, ẹ sì gbé ẹ̀kẹta sínú páálí tí a pa dé. Kí àwọn ọmọ máa wọn ooru wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ bi wọ́n léèrè èwo nínú àwọn agolo mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ilé wọn jọ.